Fítà Tí Kò Sí Nínú Ẹ́ńjìnnì Mi

Òórùn ọ́ìlì tó ti jóná ló máa ń kọ́kọ́ kàn mí nímú bí mo bá ti rántí àwọn ọdún tí mo fi máṣìnì gbé ẹrù kiri. Ladi-Lak, ní Bàrígà, lèmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ló ń gbé iṣẹ́ fún mi. Wọ́n á di káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà sínú páálí, èmi á sì gbé e lọ bá oníbàárà. Máṣìnì kan ṣoṣo yẹn la gbójú lé. Ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa, orí rẹ̀ náà ni mo sì fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Onípáánù tó ń bá mi tún máṣìnì náà ṣe. Kì í ṣe pé ìyá kan ló bí wa o. Ará ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, ó sì mọ bàbá mi dáadáa kí wọ́n tó kú. Tí a bá ti jọ ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, ara á tù mí. Lọ́jọ́ Iléyá, ìyàwó mi á gbé ẹran lọ fún un. Bó bá di Kérésì, òun náà á fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa. Nígbà yẹn, mi ò jẹ́ pè é ní "ó" báyìí, kódà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, mo máa ń ra fítà tuntun dání, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì kó má bàa jẹ ẹ́ńjìnnì. Àṣà àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, wọ́n á fi lé ọ lọ́wọ́, kí o lè fojú ara rẹ rí i pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í yẹ àṣà yìí. Bí mo bá ti fún un ní fítà tuntun, á ní, "Àbúrò, lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà jàre, kí ọ́ìlì má ta sí ẹ láṣọ." Èmi á lọ jókòó, màá máa fi fóònù wo bọ́ọ̀lù, inú mi á máa dùn pé ẹnìkan ń kẹ́ mi ní Èkó. Tó bá ṣe tán, á pè mí, á fi fítà dúdú kìrìmù kan sí mi lọ́wọ́, tí ọ́ìlì ṣì ń kán lára rẹ̀. "Wo ohun tó wà nínú máṣìnì ẹ! Ọlọ́run ló yọ ẹ́." Èmi á wá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ẹ ò rí ọ̀dẹ̀!

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ kọ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọ́ìlì tí kò dáa tí mo ń rà ló fà á, mo gbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó lọ sílé fún ìsìnkú, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ló le nínú rẹ̀, èmi fúnra mi á pààrọ̀ fítà náà nílé. Mo wo fídíò lórí fóònù, mo yá sípánà, mo tẹ́ àwọn kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì fa ọ́ìlì dúdú náà sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo tú ìdérí. Sípíríìngì kan já bọ́. Mo wo inú ihò náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo rò pé ibi tí kò yẹ ni mo tú. Mo dé e padà, mo tún fídíò wò, mo tún tú u.

"Kí lẹ ń wá?"

"Fítà ni."

"Ṣebí òun ló wà lọ́wọ́ yín yẹn?"

"Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mò ń wá!"

Ó gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀. "Àbí wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀ ni?"

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó má ba ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ jẹ́. Àmọ́ ìgbà tí ohùn mi ń ròkè yẹn gan-an ni àyà mi já. Fítà dúdú tó máa ń fi lé mi lọ́wọ́, inú máṣìnì ta ló ti ń yọ ọ́?

Nígbà tó dé, mo lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń gbé àwọn fítà mi sí?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ó jáwọ́. Ó ní inú máṣìnì àwọn ẹlòmíràn tó ń san owó fítà fún òun lòun ń fi wọ́n sí, ti àwọn yẹn tó ti gbó lòun sì ń fi hàn mí.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi?"

Kò wojú mi. "Àwọn yòókù máa ń dúró lé mi lórí. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọwọ́ mi títí màá fi dé e. Ìwọ nìkan lo máa ń lọ jókòó."

Háà! Ó sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀. Ká ní ó gbá mi létí ni, kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo gun máṣìnì mi kúrò níbẹ̀, mo sì ń sunkún nínú àṣíborí, èmi géńdé ọkùnrin. Fítà tuntun tí mo fi sí i kò ràn án mọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá làwọn aládùúgbò fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí n tó débẹ̀, ó ti bímọ, èmi kọ́ ni mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Mo ní máṣìnì mìíràn, èmi fúnra mi ni mo sì ń pààrọ̀ fítà rẹ̀ nílé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ní Ọbanikoro ló ń bá mi tún bíréèkì ṣe, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Síbẹ̀, mo máa ń dúró tì í gbagidi, nínú òjò, nínú oòrùn, ojú mi á wà lára ọwọ́ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ló gbé sípánà sílẹ̀, ó sì wò mí lójú.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo mú sípánà náà, mo nà án sí i. Mi ò sì kúrò níbẹ̀.