Ẹ̀tù Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Kì

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì mọ̀ ju àdúgbò wa lọ ní Múṣín, ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà kan wà tí gbogbo ilé máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Màá dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá kígbe pé, "Ẹ pa sítóòfù o! Bàbá mi ti ṣí ẹ̀tù!" Kíá, gbogbo yàrá á pa iná. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò tíì hó á máa ráhùn pé, "Ṣé gààrí náà la tún máa mu ní Sátidé yìí?" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bínú dénú, torí bí ẹran bá ti inú igbó dé, ti gbogbo ilé ni.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn a máa kó kàtíríìjì, ìyẹn èèpo ọta ìbọn, tí wọ́n ti yìn wá, kí Bàbá mi lè tún ki ẹ̀tù sí i. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Bàbá mi: "Ìbọn wo ni? Kí lẹ fẹ́ lọ pa?" Wọ́n ní ẹ̀tù tó kúnná máa ń tètè jó, èyí tó ní hóró ńlá sì ń fara balẹ̀ jó. Èyí tó dára fún àparò lè ya ọ̀pá ìbọn ẹni tó ń dẹ ìgalà. Wọn kì í ṣí agolo ẹ̀tù méjì pọ̀ láé, kí wọ́n má baà dà pọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé agolo kejì lé itan bí ọmọ tuntun, láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn púpọ̀.

Lọ́dún kan, ìyàwó Bàbá Kékeré, ìyẹn àbúrò Bàbá mi, bímọ ní Èbúté Mẹ́ta lẹ́yìn ìdúró pípẹ́. Bàbá Kékeré ti fọ́nnu fún àwọn àna wọn pé ẹran ìgbẹ́ làwọn máa fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Bàbá Kékeré gbé ìbọn tuntun wá bá Bàbá mi, pẹ̀lú kàtíríìjì òfìfo àti ẹ̀tù tí ẹnìkan dì sínú ọ̀rá fún wọn. Bàbá mi tú ọ̀rá náà, wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀tù inú rẹ̀ wò.

"Inú agolo wo ni wọ́n ti bu èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù ṣáà ni ẹ̀tù. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀tù tèmi ti tán. Mi ò mọ ibi tí èyí ti wá. Mi ò ní kì í."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n tẹ́ lójú àwọn àna mi ni?"

Omi ti lé ròrò sójú Bàbá Kékeré. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ pé kí Bàbá mi fi díẹ̀ sí i, díẹ̀ péré. Bàbá mi dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìbọn tiwọn jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìyá mi gan-an kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn yẹn bí wọ́n bá ń gbálẹ̀! Bàbá mi gbé e lé àbúrò wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú kàtíríìjì tó kù nínú àpò ọdẹ wọn.

"Èyí, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣáà padà wá gbé ọmọ rẹ."

Bàbá Kékeré kò rí ẹran kankan pa. Ẹja la fi ṣe ìsọmọlórúkọ, àwọn àna sì jẹ ẹ́ yó. Bàbá mi da ẹ̀tù inú ọ̀rá yẹn sínú omi; títí dòní, a ò mọ̀ bóyá ì bá ba ìbọn jẹ́.

Ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Nínú fúláàtì tí mò ń gbé ní Súrúlérè, bí mo bá kígbe, ta ni yóò pa gáàsì rẹ̀ nítorí aládùúgbò? Kálukú ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tó bá sì sọ fún èèyàn pé rárá lónìí, ọ̀tá ló dà.

Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá mi, Bàbá Kékeré fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní nǹkan púpọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fi dù mí ni mi ò lè gbàgbé." Àwa méjèèjì sunkún. Àárò Bàbá mi sọ mí gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì ń sọ mí síbẹ̀.