Ìkarahun Mẹ́jọ Orville Tveit

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Orville Tveit fi tún bọ́ọ̀sì iléèwé ṣe nílùú Velm, ní Dakota Àríwá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìbọn ìléwọ́ kan tí bàbá rẹ̀ àgbà mú bọ̀ láti ogun ilẹ̀ Faransé ló gbájú mọ́. Ìbọn náà ń dán gbinrin. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ó ti lé láàádọ́rin ọdún tí wọn ò ti ṣe irú ọta tó ń lò mọ́.

Delbert Haugen, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìbọn tí ò rí ọta? Fi í fọ́ àsálà, jàre."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Orville lára. Bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀, ó wọ yàrá abẹ́ ilé lọ. Ó kó ìkarahun ọta, ìyẹn èèpo idẹ tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti yìnbọn, irú èyí tó wọ́pọ̀ bí erùpẹ̀. Ó ń gé wọn kúrú, ó ń fá ìdí wọn, ó ń kì wọ́n bọ ẹ̀rọ kí wọ́n lè rí tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ fún ìbọn rẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ a máa ṣorí kunkun. Èyí ya, èyí há, òmíràn rún wómúwómú. Ó ba ọgọ́ta jẹ́ kó tó rí mẹ́jọ tó péye.

Marlys, ìyàwó rẹ̀, dúró lórí àtẹ̀gùn. "Orville, kí ló dé tí asẹ́ mi ń rùn bí epo mọ́tò?"

"Idẹ tí mo fi epo fọ̀ ni mo fi sẹ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ ni, àbí idẹ?"

"Ìwọ ni mo fẹ́. Àmọ́ idẹ yẹn ń dán o."

Ó rọ ẹ̀tù sí wọn, ó fi òjé dé wọn lórí. Ní oṣù kẹrin, ó kó wọn lọ sí pápá ìyìnbọn, Delbert àti àwọn mélòó kan sì tẹ̀ lé e lọ wòran. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Ìbọn yìí a sì máa tu ìkarahun jáde bó bá ti dún, nítorí náà Orville ta kọ́tìnnì pálọ̀ Marlys sáàárín igi méjì láti fi gbà wọ́n.

Gbàù! Gbàù! Ó yìn ín títí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi tán. Gbogbo èèyàn ń wo pátákó tó ń yìnbọn sí. Kọ́tìnnì ni Orville ń wò. Méje balẹ̀ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹjọ fò kọjá lókè, ó gba ọrùn aṣọ wọ ẹ̀yìn Delbert lọ.

"Yéè! Ó ń jó mi o!" Delbert ń fò sókè sódò.

"Má gbọn aṣọ! Delbert, dákun, dúró jẹ́ẹ́! Bó bá jábọ́ sínú yìnyín, ó parí nìyẹn!"

"Ẹ̀yìn mi ń bó, o ń sọ ti idẹ!"

"Ẹ̀yìn rẹ á jinná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe èyí!"

Àṣé Marlys ti ń wá kọ́tìnnì rẹ̀ kiri. Ó dé, ó wo àwọn méjèèjì, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn Delbert, ó sì fa ìkarahun náà jáde bí ẹni kó ẹyin adìyẹ. Ó ti ya láti ẹnu dé ìdí. Ọkàn Orville rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n yẹ pátákó wò: kò sí ihò kan lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Delbert sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé, ó ń rìn gbágbá nítorí oògùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gbé àpò ìkarahun kan kalẹ̀, kò wo ojú Orville.

"Mo rí àwọn wọ̀nyí nílẹ̀ ni. Bóyá wọ́n á wúlò."

Orville sún àga fún un.