Àádùn tí Mo Sọ sí Odò Ọ̀wẹnà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà kò sì ṣe mí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ kó pè mí bẹ́ẹ̀, mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ìyẹn ń bí nínú.

Ayé ìjọba sójà ni, nígbà tí gbogbo nǹkan le koko. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Àkúrẹ́, ìjọba sì ti gbàgbé pé olùkọ́ a máa jẹun. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba, ebi ì bá ti lu èmi àti bàbá wa pa.

Èmi náà sì rèé, ìtàn ìlú ni mo fẹ́ràn. Kí àgbàlagbà ṣáà ti lanu pé "nígbà tí a wà ní kékeré," mo ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìtàn ni n óò fi jẹ ẹ̀bà.

Bí mo ṣe di ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Akin nìyẹn. Bọ̀dá Akin ló ń tún màṣíìnì ìránṣọ ṣe nínú ọjà. Lásìkò yẹn, ta ló lówó màṣíìnì tuntun? Ògbólógbòó ni gbogbo aránṣọ ń lò, òun náà ni gbogbo wọn sì ń pè. Ọmọ Oǹdó ni. Ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, èékánná àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ti bọ́, ó ní màṣíìnì ló ṣe é nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, oyún ti dé. Bàbá gbà kó máa sùn sí yàrá Àǹtí Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbà á ní àna.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti rẹ̀ á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á máa sọ̀tàn Oǹdó fún mi. Ó ní abẹ́ ìrókò ńlá ni èèyàn máa ń bọ́ sí bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, níbi tí àwọn lọ́rì kòkó ń dúró sí. Láti ibẹ̀, kó ṣáà máa tẹ̀ lé òórùn búrẹ́dì títí á fi dé ilé búrẹ́dì. Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ni ẹ̀rọ omi wà, tí àwọn ọmọdé ń to garawa sí láti ìdájí. Ilé wọn ló kọjú sí ẹ̀rọ omi náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ó ní lásìkò kòkó, mọ́tò sinimá á wá, wọn á ta aṣọ funfun sára ògiri ilé wọn, gbogbo àdúgbò á gbé àpótí wá jókòó.

Bó bá ń sọ ọ́, omi á máa lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Bọ̀dá Akin, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lọ́jọ́ kan," á dìde, á nu ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí, Tíṣà," ni yóò wí. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, bó tilẹ̀ sùn dáadáa. Mi ò kà á sí nǹkan kan, ta ni kò rẹ̀ láyé ìgbà yẹn?

Bàbá wa ló ní dandan, a gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Kí a tó fọmọ fún ọkọ, ẹnìkan á yọ́ lọ sí ìlú rẹ̀, á bi àwọn aládùúgbò bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá ọkọ ibẹ̀ a máa lu aya. Èmi ni bàbá yàn.

"Ọmọ mi kò níí wọ ulé tí mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Lọ wo ulé ọkùnrin náà. Má sì jẹ́ kó gbọ́."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gbé e lé ikùn rẹ̀. "Ohun yòówù kí o gbọ́ níbẹ̀, Tíṣà, jọ̀ọ́, má sọ ọmọ yìí di aláìníbaba." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ́kàn lọ. Òun náà ni mo gbé lọ́kàn bọ̀.

Mi ò ní àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì ti ta ni? Ṣebí Bọ̀dá Akin ti fi ìtàn júwe ọ̀nà fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó gbé mi dé abẹ́ ìrókò, níbi tí àwọn lọ́rì kòkó ń dúró sí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìrókò kẹ̀? Ọ̀gá, ṣé inú àlọ́ lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Mo béèrè ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ta gààrí, wọ́n mi orí. Mo béèrè ẹ̀rọ omi, wọ́n wo ara wọn. Oòrùn ti ń mú mi lórí, mo sì ti ń bínú sí Bọ̀dá Akin nínú mi, kí n tó rí bàbá aránbàtà kan lábẹ́ ìbòòji. Mo tún ìjúwe náà sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí bàtà.

"Ta ló júwe ọ̀nà yìí fún ọ?"

Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó kúrò ní Oǹdó.

"Ìrókò yẹn, wọ́n ti gé e kí ìwọ tó mọ bí wọ́n ti ń wọ ṣòkòtò," ni bàbá wí. "Ilé búrẹ́dì ti di ilé epo. Ẹ̀rọ omi wà lábẹ́ ọ̀dà títì tí o dúró lé yìí." Ó fi àgbọ̀n júwe ilé kan lódìkejì títì. Lẹ́yìn náà ó kó abẹ́rẹ́ àti àpótí rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni o.

Ẹ gbà mí gbọ́, ó yẹ kí n ti padà sílé níbẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lóòótọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ṣì kù díẹ̀díẹ̀ lára fèrèsé. Sàréè kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ wà lójúde, ìyá arúgbó kan sì jókòó tì í, ó ń po àádùn nínú ọpọ́n, ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan àti epo pupa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò wo ojú mi, bàtà mi ló ń wò.

"Ará Àkúrẹ́ ni ọ́," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwádìí ni wọ́n rán ọ."

Mi ò tíì sọ orúkọ mi.

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ní kí n wo ara ògiri. Fọ́tò kan ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bọ̀dá Akin ló wà nínú rẹ̀. Ojú kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà, kò fi ọjọ́ kan kéré sí ẹni tí mo rí lánàá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí orúnkún, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní èékánná. Orí mi wú.

"Ọma mi ni," ni ìyá náà wí, ó fi ọwọ́ tó sàréè. "Lọ́rì kòkó ló dojú dé mọ́ ọn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí à ń pè wọ́n. Àkúdàáyà. Ẹni tó kú síhìn-ín, tó wá lọ ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn bí ẹni pé kò kú. Ìyá àgbà mi ti sọ ọ́ fún mi rí, mo sì fi rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́," ló wí. "Wọ́n ti wá láti Iléṣà. Wọ́n ti wá láti Ìkàrẹ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti fẹ́ fi í ṣe àna." Ó wá gbé ojú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé ó rẹ̀ ẹ́?"

Omi ti lé sójú mi.

Ó pọ́n àádùn sínú ewé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí ọmọ òun bá ti tọ́ ọ wò, á rántí ilé, á sì wá sùn. "Mo ti darúgbó," ló wí. "Ọmọ tó bá ń rìn kiri kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn."

Nínú ọkọ̀, mo gbé àádùn náà lé itan. Àádùn tútù ni mo gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ Àkúrẹ́ ló ń gbóná sí i. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, àwọn sójà dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn yẹ ẹrù wò. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Mo ro ti ìyá arúgbó tí kò rí oorun sùn. Mo tún ro ti ọwọ́ mi lórí ikùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo ju àádùn náà sódò, mo sì dúró wò ó títí ó fi rì.

Bí mo ṣe délé, bàbá bi mí. "Ìdílé rere ni," ni mo wí. "Kò sí àbùkù kankan." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé obì wá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tòun ti oyún.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí Bọ̀dá Akin ti ọjà dé. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí mo lọ fún un. Ó kí bàbá, ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó tì mí bí ìṣe rẹ̀.

"Tíṣà, àádùn mi dà?"

"Àádùn wo, Bọ̀dá?"

"Èyí tí màmá mi fi rán ọ."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ náà tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ lódò tán. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ lo rò, o ṣeun," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí." Ó dìde, ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Mi ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde síta, ó ń wá ọkọ rẹ̀ kiri ilé. Ó ní láti inú ni òun ti ti ilẹ̀kùn, bí òun ṣe tì í náà ni òun ṣe bá a. Epo pupa wà ní ètè ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìdájí ló jí mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní màmá òun fi àádùn ránṣẹ́. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́. Ó dùn, Tíṣà!"

Mo wọ yàrá rẹ̀. Ewé náà wà lórí tábìlì, omi ń kán lára rẹ̀, iyanrìn odò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

A kò rí Bọ̀dá Akin mọ́. Irin iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́jà títí wọ́n fi dípẹtà. Bàbá ṣépè fún un pé ó fún ọmọ òun lóyún ó sá lọ, mo sì ń gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Àǹtí Bọ́sẹ̀ bí obìnrin, Morẹ́nikẹ́. A kò fi ìtàn Oǹdó kankan tọ́ ọmọ náà, èmi gan-an ti jáwọ́ nínú ìtàn. Síbẹ̀, bó ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, tó bi mí pé ìgbà wo ni mọ́tò sinimá máa dé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí rèé. Morẹ́nikẹ́ ti rí ọkọ. Ọmọ Ìjù ni, èèyàn dáadáa. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ká má bínú, àwọn fẹ́ mọ agbo ilé bàbá Morẹ́nikẹ́ ní Oǹdó kí àwọn lè rán ẹnìkan lọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ tó mi tayọ̀tayọ̀. "Ẹ bi Tíṣà," ló wí. "Òun ló ṣe ìwádìí nígbà yẹn, ó ní ìdílé rere ni."

Mo ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé. Ọ̀la ni Sátidé. Bí n kò bá júwe ilé náà, wọ́n á ní ọmọ wa kò ní baba, ìgbéyàwó á sì dàrú. Bí mo bá sì júwe rẹ̀ ńkọ́? Mo ti bi ẹnìkan tó ti Oǹdó dé. Ó ní ìyá arúgbó kan ṣì máa ń jókòó ti sàréè ní ojúde ilé yẹn, pé òun ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, pé àádùn ló máa ń pò.

Ẹ gbọ́, bí wọ́n bá rán yín ṣe ìwádìí àna, ẹ béèrè ohun tí ẹ máa béèrè, kí ẹ sì máa bọ̀. Ẹ má ṣe gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí àwọn ará Ìjù máa rán kò mọ̀, màá sì gbìyànjú láti kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi gbà á rí, mo jù ú sódò, ó sì dé ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, méjì lẹ̀gbọ́n mi kà, ẹ̀gbọ́n mi kò ka Morẹ́nikẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Bọ̀dá Akin ti lọ sùn. Bí ìyá yẹn bá tún pọ́n àádùn sínú ewé báyìí, ta ló ń fi ránṣẹ́ sí?