Ọkọ̀ Òfurufú Akínkúnmi Ṣì Wà Lórí Òkun

Láti ọjọ́ tí Jùmọ̀kẹ́ ti wọ ilé ọkọ ní Ìfisìn, kì í fẹnu sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Epo pupa ló ń ṣe, òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìdílé bá délẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń sọ ọ́. Òun á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun." Kódà Ẹlúyẹmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó pọ̀n sẹ́yìn ní kékeré, "ọkọ mi" ló ń pè é. Ìyẹn náà á sì pè é ní "Ìyàwó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kan ní Ìdó. Ìfun Ògúndélé, ọkọ Jùmọ̀kẹ́, ti lọ́ mọ́ra. Ìrora náà pọ̀ débi pé kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìfun náà á bẹ́ sínú. Ẹnì kan nínú ẹbí ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé.

"A ò ní buwọ́ lu nǹkan kan," ni Ẹlúyẹmí wí. "Àkọ́bí ọkùnrin wà. Akínkúnmi ọmọ rẹ, tí a pè lánàá, ti wà lójú ọ̀run, ó ń bọ̀. À á dúró dè é." Ó na fóònù rẹ̀ síwájú. "Wò ó, Ìyàwó. Láti Àtìláńtà sí Èkó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà, wákàtí mọ́kànlá péré ni wọ́n á fi fò ó. Ó ti fò ju ìdajì lọ!"

Jùmọ̀kẹ́ wo àwòrán ọkọ̀ òfurufú tíńtín náà. Ó dà bíi pé kò tilẹ̀ mira.

"Ọkọ mi, kí ni gbogbo aró tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Òkun ni."

"Ìgbà wo ló máa balẹ̀ l'Ékòó?"

"Ìrọ̀lẹ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ òfurufú náà á já a sílẹ̀ níbí ni?"

"Ìyàwó, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ló máa gbà, á gba Iléṣà, kó tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ta ló ń rin ọ̀nà yẹn lóru, láyé ajínigbé yìí? Ọ̀la ni Akínkúnmi máa débí."

Ògúndélé kérora nínú yàrá. Nọ́ọ̀sì yọjú. "Màmá, ẹ̀yin là ń dúró dè o."

Jùmọ̀kẹ́ nawọ́ gba báírò.

"Ìyàwó! Ṣé ìwọ lo máa pàṣẹ ní ilé baba wa? Bí nǹkan bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, orí rẹ ló máa wà!"

Orúnkún Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ kanlẹ̀ bó ti mọ́ ọn lára. Kò kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Kó wà lórí mi."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà. Wọ́n ti Ògúndélé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹlúyẹmí lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì òdìkejì, ó kẹ̀yìn sí i. Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n "Olúwa, Olúwa" nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí dókítà tó jáde.

"Ó yè é," ni dókítà wí. "Díẹ̀ ló kù kó bẹ́. Ká ní a dúró dọ̀la ni…"

Ẹlúyẹmí fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Kò pẹ́, fóònù rẹ̀ dún. Akínkúnmi ni.

"Bàbá kékeré, mo ti balẹ̀ o. Mo ti rí awakọ̀ tó máa gbé mi wá lálẹ́ yìí."

Ẹlúyẹmí dìde. Ó rìn lọ bá Jùmọ̀kẹ́, ó sì gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́.

"Bí ìyá rẹ bá ṣe wí ni," ló wí.

"Sùn sí Èkó, ọmọ mi," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Bàbá rẹ á dúró dè ọ́."