Ohun Tí Mo Gbọ́ Nídìí Kànga

Ọkọ mi, Àbúdù, kì í jókòó. Bí ẹ bá wá sílé wa ní Kétu nígbà yẹn, orí ìdúró lẹ ó ti bá a. Á máa fi ìka ta ògiri, á máa fi ta ilẹ̀kùn, á máa fi ta ẹ̀yìn ọmọ wa Sìfáwù bó bá gbé e dání. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí omi inú ife á fi dà sílẹ̀. Mo bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi. "Bàbá Sìfáwù, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń dá mi lágara!" Á rẹ́rìn-ín, á jókòó. Kí n tó yíjú padà, ó ti dìde.

Ọmọ onílẹ̀ ni, ní Ìkòsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Lámídì àti Ràímì, ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn, òun lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Iṣẹ́ káfíńtà yẹn kò sì dé ọkàn rẹ̀ rí. Agídìgbo ló ń gbé lé itan kiri, ibi ìkómọ, ibi ìgbéyàwó, ibikíbi tí wọ́n bá pè é sí. Ibi ìkómọ kan l'Ọ́jọ́ta ni Ọ̀gá Kárúnwí ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá yìí ló ni ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì ní Èbúté Mẹ́ta. Ó mú Àbúdù lọ, ó fi bèésì lé e lọ́wọ́, gìtá ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n máa ń dì mọ́ra ta. Ọdún mẹ́rin ló fi ta á. Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, á wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè á padà dé, oorun lójú, inú rẹ̀ dùn. Ìyẹn kò ni mí lára. Ọjọ́ méjì péré ni, mo lè fara dà á.

Àfi ọdún 1959 tí Ọ̀gá Kárúnwí ra gìtá bèésì oníná lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Igi pẹlẹbẹ ni, okùn mẹ́rin ló wà lára ẹ̀, kò ní ikùn rárá. Bí o bá ta á lásán, ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní áńpù, tó máa gbé ohùn ẹ̀ jáde. Bí Ọ̀gá ti rà á báyìí, ó gbé bèésì gíga yẹn tà. Ó wá pe Àbúdù àti ọmọkùnrin kan láti Yábàá tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá. Ó ní, "Gìtá ti wà. Ẹni tó bá máa ta á, kó wá áńpù tirẹ̀. Ẹ ó pín in lò, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án, màá gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dáa jù ló nìjókòó nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kejì kó máa lọ ní tirẹ̀."

Ẹ̀bùnọlá ló kọ́kọ́ gbé gìtá lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, Àbúdù kò jẹ́ kí n gbádùn. Á dìde, á jáde, á wọlé, á ní, "Morẹ́nikẹ́, bí mi ò bá rí ẹ̀rọ tó dáa ńkọ́?" Bó bá ti ń ṣàníyàn báyìí, ó máa ń gbàgbé pé Ìyá Sìfáwù ló ń pè mí. Nígbà tó di Sátidé tí gìtá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun lọ yan áńpù. Ó ní etí mi mọ́ ju tòun lọ. Òótọ́ sì ni. Bí ohùn okùn kan bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ibi ìdáná ni màá ti pariwo sí i pé kó fà á.

Bàbá Àlàní la lọ bá, arúgbó kan tó ń tún rédíò ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Áńpù méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí igi, wọ́n fi aṣọ bo iwájú ẹ̀, sìpíkà inú ẹ̀ fẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ. Bàbá fi wáyà ẹ̀ bọ ihò iná mànàmáná lára ògiri, Àbúdù so gìtá mọ́ ọn, ó ta okùn kan péré. Áà! Ohùn yẹn kò gba etí mi wọlé, ikùn ló gbà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Mo wo ọkọ mi, mo rí i pé kò mira. Ó kàn dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn, ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tó rí ọmọ tó sọ nù.

Ìkejì jẹ́ àpótí irin kékeré kan àti sìpíkà ẹlẹ́nu fèrè, irú èyí tí àwọn olóṣèlú gbé sórí mọ́tò lọ́dún yẹn, tí wọ́n fi ń pariwo ìbò fún wa ní gbogbo ọ̀nà Ìkòròdú. Bátìrì mọ́tò ló ń lò. Bàbá Àlàní kò tàn wá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe èyí fún. Mi ò mọ bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú bèésì. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ dán an wò. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ gbé onígi."

Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò. Iná mànàmáná kò tíì dé Kétu nígbà yẹn, àtùpà la ń tàn. Bí Àbúdù bá gbé onígi, kò lè fi kọ́ nǹkan kan nílé. Ọ̀gá Kárúnwí ti ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé òun tó ní iná, kí ó wá máa gbé ibẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè bó bá fẹ́. Yàrá! Ní Èbúté Mẹ́ta! Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Wúlémótù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá lọ síbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń wálé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó yá ó di ìparí oṣù. Nígbà tó tún yá, obìnrin kan tó lóyún fún un ló wá kó aṣọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló tún bá a di ẹrù yẹn. Ojú mi ló ṣe. Mo jókòó nínú bọ̀lẹ̀kájà lọ́jọ́ yẹn, ẹlẹ́nu fèrè wà lórí itan mi, mo ń gbàdúrà pé kó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí à ń gbà mọ ohùn tó dáa nílùú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí wọ́n bá fẹ́ yan ládàánì tuntun tí yóò máa pe ìrun, àgbà kan á lọ jókòó nídìí kànga tó wà lódì kejì oko ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń du ipò náà á dúró ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dé kànga, òun ni ládàánì. Ohùn tó bá dé kànga, ohùn gidi nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi wá ní ìdí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ní òun máa dán bèésì òun wò. Ládàánì kò kúkú nílò kí ohùn ẹ̀ wọ èèyàn níkùn, ṣùgbọ́n ta ló ro ìyẹn?

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó gbé ẹlẹ́nu fèrè sójú fèrèsé, ó kọjú ẹ̀ sí oko. Èmi gbé korobá, mo lọ dúró nídìí kànga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó dé, ká má purọ́. Ó dé, ó kọjá. Àmọ́ ohùn wo nìyẹn, Ọlọ́run mi? Ó ha. Bí ìgbà tí ọ̀fìnkìn mú èèyàn tó sì ń ha ọ̀nà ọ̀fun. Okùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó yẹ kó wúwo jù, gììrì-gììrì lásán ló ń ṣe. Mo kàn dúró síbẹ̀, korobá lọ́wọ́.

Mo rí i tó ń sáré bọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, kò tilẹ̀ wọ bàtà. "Ó dé?"

"Ó dé."

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kún? Ṣé ó mọ́ bíi ti onígi? Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wà, mi ò gbọ́ ju kíkan okùn lọ."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo rí yàrá yẹn lọ́kàn mi, mo rí obìnrin olóyún tó ń kó aṣọ. Mo ní, "Ó mọ́. Ó kún dáadáa." Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́, ojú mi kò tilẹ̀ ṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé òun ló gbé omi délé fún mi.

Mọ́ńdè kọjá, a ò dá a padà. Ní Túsìdeè ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. "Ìyá Sìfáwù, ó dà bíi pé nǹkan yìí ń ha o." Mo ní ó súnmọ́ ọn jù ni. Á jáde, á wọlé, á yí ẹnu fèrè síbí, á yí i sọ́hùn-ún. Ní Tọ́sìdeè, ó gbé gìtá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ta okùn kan, òun náà sáré lọ sídìí kànga. Ó padà dé, òógùn bò ó. "Ó ha! Ṣé o ní ó mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Ẹ wò ó, ó ṣì ku ọjọ́ méjì. Mo lè sọ òótọ́ nígbà yẹn, kó sáré lọ gbé onígi. Ẹnu mi là, ohun tó jáde ni, "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó mọ́. Bátìrì ló ti rẹ̀ ẹ́." Ó gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì l'Ọ́jọ́ta, wọ́n fún un ní iná. Ó tún ha. Kò sáyè mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó ru áńpù lórí, kò sí gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, bó ṣe ń rìn yí àgbàlá po. Ẹ̀bùnọlá ló ti lọ gbé onígi lọ́dọ̀ Bàbá Àlàní. Nígbà tí Ẹ̀bùnọlá ta á, àwọn tó ń nu tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń jó. Nígbà tó kan òun, orin kò tíì dé ìdajì tí Ọ̀gá fi nawọ́ sókè. Ó ní, "Àbúdù, kí lo fi ṣe gìtá mi?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́rin," ni ọkọ mi ń sọ. "Ọdún mẹ́rin, Ìyá Sìfáwù. Ó ní kí n máa lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn Lámídì àti Ràímì lágbàlá. Kùmọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Àbúdù ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní ẹ̀rọ tó ti ń kú lọ ni Bàbá Àlàní tà fún òun. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, ó mọ́. Ìyàwó mi gbọ́ ọ nídìí kànga. Kó tó di Tọ́sìdeè ó ti ha. Arúgbó yẹn mọ̀! Ó mọ̀, ó fi bà mí láyé jẹ́. Lónìí ni màá fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ọn lórí."

Ibi ìdáná ni mo wà. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n á lọ, wọ́n á lu arúgbó yẹn, á máa búra, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Arúgbó tó sọ lójú mi pé òun kò mọ bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú bèésì! Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó pariwo.

"Ẹ má lọ! Bàbá Sìfáwù, ẹ má lọ. Kò mọ́ rí."

Ó yíjú padà. "Kí ni kò mọ́?"

"Ohùn ẹ̀. Ó ha lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láti okùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ta ló ti ha. Mo gbọ́ ọ."

"O ní ó mọ́."

"Irọ́ ni mo pa. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ gbé Èbúté Mẹ́ta."

Lámídì pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ó dárúkọ ilé bàbá mi mọ́ ọn. Ó tọ́ sí mi. Àbúdù ló nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun." Wọ́n lọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó wò mí.

Ó ní, "Etí rẹ ni mo gbé lọ síwájú wọn lánàá. Mi ò gbé tèmi lọ."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kò nà mí, kò lé mi, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Bó bá nà mí ni, ì bá sàn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó fọwọ́, ó jẹ òkèlè kan. Mo wá bi í bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó.

Ó ní, "Ìwọ ni kó o sọ fún mi, bó o ṣe sọ fún mi nídìí kànga." Kò gbójú sókè.