Ọjọ́ tí Bàámi Wọ Kànga Ilare

Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ tí bàámi, Oyèlárán Lágúnjú, fi tọ́ wa. Láti Òkèrèwè tí ilé wa wà títí dé Ìpetumodù, ọ̀pọ̀ ilé ló wà tó jẹ́ pé òun ló bá wọn rí omi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó sẹ́yìnkùlé, màámi Mojíre yóò máa fi kànìnkànìn fọ amọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín ohun tí àwa ọmọ kò gbọ́.

Ní ọdún 1989, àbúrò rẹ̀ Ọládipọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ kànga kan ní Ìpetumodù, kò sì jáde láàyè. Afẹ́fẹ́ burúkú ló pa á. Bàámi wà lókè níbi tó ti di okùn mú, kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, màámi gbé Bíbélì fún un, ó ní kó búra pé òun kò ní wọ kànga mọ́. Ó búra. Láti ìgbà náà, búlọ́ọ̀kù ló ń mọ.

Ọdún kẹfà ìbúra yẹn, lọ́sàn-án Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn 1995, èmi Fọlákẹ́ àti màámi ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Obìnrin kan sáré wọlé láìwọ bàtà. Adérónkẹ́ ni, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, akọ̀wé kan ní yunifásítì, tí wọ́n háyà ilé sí Ilare.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi wà nínú kànga," ló wí. "Omi ló gbẹ, ló bá ní òun fẹ́ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. A pè é títí, kò dáhùn mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Bàámi dìde. Ojú màámi ló ń wò.

"Mojíre, tí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ màámi ń bọ́ sínú àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kó sọ pé rárá. Nígbà tó yá, ó wọ yàrá, ó gbé okùn nínípọn kan jáde, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Èmi ni n ó di í mú," ló wí.

Nígbà tí a dé Ilare, bíríkìlà kan ti bọ́ ẹ̀wù, ó fẹ́ wọ kànga. Bàámi di apá rẹ̀ mú. "Dúró. Ẹ bá mi tan àtùpà."

Ó so àtùpà mọ́ okùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì dé àárín tí iná rẹ̀ fi kú.

"Bí ẹ ṣe rí iná yẹn, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe máa rí," ni bàámi wí.

Ó ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó ní ewé púpọ̀. Wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n ń jù ú sílẹ̀, wọ́n ń fà á sókè, kí afẹ́fẹ́ lè yí padà. Wọ́n ń da omi sí ara ògiri kànga náà díẹ̀díẹ̀. Ó tún sọ àtùpà kalẹ̀. Ó tún kú, àmọ́ ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Ó ti pẹ́ jù," ló ń wí. "Ó ti pẹ́ jù." Nígbà kẹta, iná náà rọ, ó ń ṣe bíi kó kú, ṣùgbọ́n kò kú.

"Ó tó," ni bàámi wí. Màámi mọ̀ pé kò tó. Mo rí i lójú rẹ̀.

Bàámi so okùn sí abẹ́ apá. "Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà mí jáde."

Okùn náà ń yọ̀ lọ láàárín ọwọ́ màámi àti ọkùnrin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró. A kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni a rí i tí okùn mì lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Orí tó yọ kì í ṣe orí bàámi. Olúmúyìwá ni. Bàámi ti tú okùn kúrò lára ara rẹ̀, ó ti so ó mọ́ ọkùnrin náà.

Wọ́n tú okùn, màámi jù ú padà sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á.

"Bàbá Fọlákẹ́," ló pè. "Bàbá Fọlákẹ́."

Màámi wá ṣe ohun tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Oyèlárán. Oyèlárán Lágúnjú, dìde, kó o so okùn mọ́ra."

Kò pariwo. Bí ẹni tó ń jí ọmọ fún ilé ìwé ló ṣe sọ ọ́. Okùn mì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn ọkùnrin náà ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ẹ fà á," ni màámi wí.

Ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo ni bàámi ráyè wé okùn náà mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríran. Ó bì sórí iyẹ̀pẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ó ń mí," ni mo wí.

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni màámi kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú yàrá, mo sì gbọ́ ohùn bàámi.

"Ọládipọ̀ ni mo rí nísàlẹ̀ yẹn, Mojíre. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Kò wọ kànga mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á ní 1998, lórí ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúmúyìwá wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú màámi tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lára, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun.

"Kí lo ṣe?" ni màámi bi í. "Ọkọ mi mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Dìde, lọ jẹun."