Ẹsẹ̀ tí Alàgbà Dáníẹ́lì Kò Fẹ́ Wò

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Alàgbà Dáníẹ́lì ní Òkè-Onígbìn, ìròyìn dé Òmù-Àrán pé Ọláṣẹ́gun ọmọ rẹ̀, afẹsẹ̀jà tí gbogbo Ìgbómìnà mọ̀, fi ẹsẹ̀ ta òkú bàbá rẹ̀ nínú pósí. Wọ́n ní òkú náà dìde jókòó, ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó béèrè pé, "Ṣẹ́gun, ó wá kan èmi náà?" kó tó padà dùbúlẹ̀. Kí ìròyìn yìí tó dé Ẹ̀sìẹ́, pósí ti fò kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ní ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, wọn kì í sì í gbà kí ìlú mìíràn fi ohun ìyanu ju àwọn lọ. Wọ́n fi tiwọn kún un: wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ère náà fi ọwọ́ bojú nítorí ìtìjú.

Àwọn tó wà níbi ìsìnkú náà á sọ fún ọ pé òkú kankan kò dìde. Táì ọrùn Alàgbà gún régé, Màámi Rúùtù ìyàwó rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n tí o bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, wọn á wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ wà ńbẹ̀.

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ̀ pé a kì í fi ẹsẹ̀ ta ènìyàn. O lè gbá ẹnìkan létí, kí àwọn àgbà bá yín parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ẹsẹ̀ ta á, o ti pè é ní ajá, o sì ti kan ìyá tó bí i lábùkù. Alàgbà Dáníẹ́lì, tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, mú òfin yìí le ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nílé rẹ̀, a kì í fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. A kì í fi ẹsẹ̀ lé adìẹ. Wọ́n ní bí aáyán bá wọlé, ńṣe ni Alàgbà máa ń bá a sọ̀rọ̀ títí á fi ronú pìwà dà, tí á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Nígbà tí Ọláṣẹ́gun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi ẹsẹ̀ ta ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó ní kó gbé ọmọ náà pọ̀n, kó gbé e yí ìlú ká, kó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, kó máa wí pé, "Ènìyàn ni mo pọ̀n yìí, mo ṣe é bí ẹran." Ọmọ náà sanra jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó mọ̀ nípa eré ìdárayá sọ pé ọjọ́ náà gan-an ni ẹsẹ̀ Ọláṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ká ní Alàgbà mọ̀ ni, ì bá kúkú nà án.

Ó dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ kan, fíríìjì kan dá a lágara, ó wo ọ̀tún wo òsì, kò rí bàbá rẹ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ ta á. Wọ́n ní fíríìjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lójú ẹsẹ̀, kò sì tíì kú títí dòní. Ẹni tó ń kọjá lọ lásìkò náà ni Kóòṣì Àbúdùlàhí, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkìbọ́síìnì, ìjà tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Kóòṣì dúró, ó ní kó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun rí i dáadáa.

Láàárín ọdún mẹ́fà, ogójì ọkùnrin ló dojú kọ Ọláṣẹ́gun, ogójì náà ni wọ́n sì gbé jáde. Ó gba ipò kìíní ní Kwara, ó gba ti Nàìjíríà. Wọ́n fún un ní bẹ́líìtì tó fẹ̀ bí àtẹ, ó sì gbé e wálé ní àsìkò ìkórè.

Alàgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára bẹ́líìtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ẹsẹ̀ lo fi gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Alàgbà fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, bí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà. "Ọjọ́ tí o bá fi ọwọ́ nìkan jà, ránṣẹ́ sí mi," ló wí. "Màá wá wò ọ́."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni Ọláṣẹ́gun gbọ́. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jà, àga wà ní iwájú fún àwọn òbí. Bàbá àwọn tó ń lù pàápàá máa ń wá jókòó síbẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà, àga bàbá tirẹ̀ kò ní ẹni tó jókòó lé e. Ó gbé bẹ́líìtì fún Màámi, ẹni tó wé e sínú ìró, tó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó padà sí Ìlọrin lọ wá ìjà mìíràn kọ́.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú gídígbò. Alàgbà kò ní ohunkóhun lòdì sí i, Jékọ́bù náà bá áńgẹ́lì jìjàkadì. Ṣùgbọ́n ọmọ Òwu-Ìsin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kí adájọ́ tó parí ìkíni. Ó bọ́ sí júdò, ìjà àwọn ará Japan tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun bí ẹgbẹ́ akọrin, tí wọ́n sì ń di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n máa gbé e sọ mọ́lẹ̀ lọ.

Kóòṣì Àbúdùlàhí bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ọkọ́, èwo ni tiẹ̀ tó ń fi èékánná kọ ebè? Ọláṣẹ́gun dá a lóhùn pé bàbá òun ń bọ̀ wá wòran.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló kù. Ó ja méjì, ó sì borí nínú méjèèjì: ẹni àkọ́kọ́ ní ibà lára, ẹnì kejì kò wá. Lórí ìyẹn ló ṣe pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé ọwọ́ nìkan lòun fi ń jà báyìí o.

Alàgbà wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kúrò ní Òmù-Àrán ní àárọ̀ Sátidé. Kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ló wọ̀, pẹ̀lú táì àti fìlà, ó sì gbé iṣu mẹ́ta dání fún Kóòṣì. Ó jókòó sórí àga iwájú. Àwọn tó wà ńbẹ̀ sọ pé nígbà tí Ọláṣẹ́gun rí i, ó gbàgbé láti fi rọ́bà eyín sẹ́nu.

Usamah ni orúkọ ẹni tó bá jà. Usamah lù ú bí ẹni ń gún iyán ìkórè. Ní abala kìíní, ojú Ọláṣẹ́gun kan pa dé. Ní abala kejì, imú tú. Ní ẹ̀kẹta, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ níhà ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ kanlẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra. Nígbà tí àwọn òǹwòran fi máa rí i, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ orí Usamah, Usamah sì ti sùn. Gbọ̀ngàn hó. Adájọ́ na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n lé Ọláṣẹ́gun jáde. Alàgbà dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó kó iṣu rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lọ.

Ọláṣẹ́gun sá tẹ̀lé e tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́, wọ́n sì jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà. Lẹ́yìn Àjàṣẹ́, Alàgbà ní, "Mo ń wo ojú rẹ. O kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ náà gbéra."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ọláṣẹ́gun wí. "Òun ló dá gbéra."

Alàgbà mi orí. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹ̀jẹ̀ tó wà létí imú ọmọ rẹ̀. "Kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́," ló wí. "Tó bá ti gbọ́ràn, màá tún wá."

Ọ̀rọ̀ yìí di àwàdà ní gbogbo ilẹ̀ wa. Tí bíréèkì ọ̀kadà kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó ti di ẹsẹ̀ Ọláṣẹ́gun, kì í gbọ́ràn. Ọláṣẹ́gun alára fọwọ́ pàtàkì mú un. Ó fi okùn so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ń fi ọwọ́ lu àpò yanrìn láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún fi dá. Ní ọsibítù, wọ́n di símẹ́ńtì sí i títí dé ìgbọ̀nwọ́. Símẹ́ńtì náà kò tíì gbẹ dáadáa tí Màámi fi pè é pé bàbá rẹ̀ ṣubú sáàárín ebè iṣu, àti pé kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí.

Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ní kí ọmọ àkọ́bí kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Ọláṣẹ́gun bọ́ síwájú pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ kọ́ sí ọrùn. Ó dúró létí ihò. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ti òkìtì erùpẹ̀ náà, erùpẹ̀ sì ya lu pósí. Orin kú lẹ́nu ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀gbọ́n Alàgbà kan wọ́ ọ sẹ́yìn ní aṣọ. Màámi nìkan ni kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ òkú tó dìde ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ ń jáde, àwọn aláàánú inú wa wá àwáwí fún un: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́, ẹsẹ̀ burúkú yẹn náà ló sì tún dá gbéra, kódà lójú oórì.

Sàlíhù ọlọ́kadà ni ọ̀gá àwọn tó ń sọ ọ́ báyìí ní ibùdókọ̀ Òmù-Àrán. Kò lọ síbi ìsìnkú náà, nítorí náà òun ló mọ̀ ọ́n jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń sọ ọ́ fún àwọn èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì Ìlọrin, ó sì ti dé ibi ogójì ènìyàn tí wọ́n gbé jáde.

"Mẹ́tàdínlógún," ni ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń mu omi inú ọ̀rá, wí. "Ìjà mẹ́tàdínlógún. Mo pàdánù méjì."

Sàlíhù rí símẹ́ńtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Eré là ń ṣe."

"N ò bínú. Tí o bá fẹ́ máa sọ ọ́, sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣẹ́. Òsì rè é, kò ní nǹkan kan. Mo lè fi bu erùpẹ̀." Ó gbé ọ̀rá omi náà sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí náà, kò dá gbéra rí. Ní Ìlọrin, mo ti fẹ́ ṣubú síwájú Bàbá. Èmi ni mo gbé e. Mo mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, Bàbá ní n ò mọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi kú."

Sàlíhù rọra bi í pé ti ojú oórì wá ńkọ́, nígbà tí ọwọ́ òsì wà ńbẹ̀.

"Mo fẹ́ kí Bàbá rí i pé èmi ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ yìí." Bọ́ọ̀sì Ìlọrin ti dé, kò sì sí ẹni tó dìde nínú àwọn èrò. "Wọn ò dìde, Sàlíhù. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀ títí ihò náà fi kún, bóyá wọ́n á bi mí."